Rọ́gbì Orí Àga Oníkẹ̀kẹ́: Ooru Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹnìkan bá ṣèṣe nínú ẹbí, "Jókòó jẹ́ẹ́, máa sinmi" làwọn àgbà wa máa ń sọ. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè sinmi títí ayé?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rọ́gbì orí àga oníkẹ̀kẹ́. (Kẹ̀kẹ́ arọ làwọn kan ń pe àga yìí, orúkọ yẹn ò dùn mọ́ mi.) Winnipeg, ní Kánádà, ni wọ́n ti dá eré náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1977, fún àwọn tí ọrùn wọn ṣèṣe, tí ọwọ́ wọn ò sì lágbára tó fún basketball. Wọ́n á fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0.5 dé 3.5, bí agbára ọwọ́ àti ara rẹ̀ bá ṣe tó. Máàkì àwọn mẹ́rin tó wọ pápá kò gbọdọ̀ ju 8 lọ, àyàfi tí obìnrin bá wà nínú wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn alágbára nìkan ò lè kún pápá. Ẹni 0.5 yẹn, wọ́n nílò rẹ̀; òun ló sábà máa ń dínà mọ́ alátakò.

Àga á máa kọlu àga gbàgà, màmá yín á figbe ta. Èmi ò bẹ̀rù ìyẹn tó ooru. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣèṣe kì í làágùn dáadáa mọ́, ara wọn á sì tètè gbóná kọjá ààlà. Tí ẹ bá ń lọ wòran, ẹ mú ìgò tí wọ́n fi ń fín omi dání, kí ẹ fín in sí i lójú àti lọ́rùn nígbà ìsinmi. Tí orí bá ń fọ́ ọ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ tètè pe olùtọ́jú kó tó padà sínú eré.