Òfin Ẹ̀rọ Ṣáàjì ní Àyè Ìgbọ́kọ̀sí: Ohun Tí Ìjọ Tó Fẹ́ Kọ́lé Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń dá owó ilé jọ. Àwọn kan ti ra ilẹ̀. Àwọn mìíràn ra ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run. Ní Southwark nìkan, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní ọdún 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240. Nínú gbogbo ìnáwó tí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé máa ń kọ sílẹ̀, ọ̀kan wà tó rọrùn láti gbàgbé: ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáàjì ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlùfáà wa.

Kí ni òfin wí?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Abala S bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú òfin ilé kíkọ́ ti England. (Scotland àti Wales ní òfin tiwọn.) Abala yìí pàṣẹ pé ilé tuntun tí kì í ṣe ibùgbé, tí àyè ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà rẹ̀ bá ju 10 lọ, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ṣáàjì kan, ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àyè tó kù gbọ́dọ̀ ní páìpù tàbí ọ̀nà tí a lè gbà fa wáyà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ilé ìjọsìn wà lára ilé tí kì í ṣe ibùgbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìjọ kan tó fẹ́ ní àyè ọkọ̀ 51 ṣe àpẹẹrẹ. Àyè kan yóò ní ẹ̀rọ ṣáàjì tó ń ṣiṣẹ́. Nínú 50 tó kù, 10 yóò ní páìpù lábẹ́ ilẹ̀. Agbára ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ dín sí kílówáàtì 7. Bí ìsìn bá gba wákàtí 3, ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ yóò gba ìwọ̀n iná 21, èyí tó lè gbé ọkọ̀ kan rìn tó máìlì 60 sí 80. Bí ìjọ bá kọ́ ilé àlùfáà tuntun tó ní àyè ọkọ̀, ilé náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀.

Àtúnṣe ńkọ́?

Òfin yìí kò kan ìjọ tó kàn ra ilé àtijọ́, tó kùn ún, tó sì kó àga sí i. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá dé ibi tó ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri àti òrùlé ilé náà lọ, tí iṣẹ́ náà sì kan àyè ìgbọ́kọ̀sí tàbí ètò iná, òfin ti mú un nìyẹn. Níbi tí owó ẹ̀rọ àti páìpù bá ti ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó àtúnṣe lọ, òfin fi ìtura sílẹ̀.

Kánsù náà lè fi àṣẹ tirẹ̀ kún un nígbà tí ó bá ń fún ìjọ ní ìyọ̀ǹda ìkọ́lé. Ètò ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, fún àpẹẹrẹ, béèrè pé kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ọkọ̀ ilé ibùgbé tuntun ní ẹ̀rọ, kí a sì pèsè ìyókù sílẹ̀ dè é.

Kí ni páìpù òfìfo wà fún?

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, owó díẹ̀ ni páìpù ń ná ni. Bí a bá ti da ọ̀dà lé e lórí tán, a ó tún ilẹ̀ gbẹ́, a ó ti àyè ìgbọ́kọ̀sí pa, a ó sì tún un dí padà. Iná fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ń gba kílówáàtì 7 lẹ́ẹ̀kan náà, 70 nìyẹn, láìka ẹ̀rọ amúlétutù, ilé ìdáná àti ohun èlò orin. Iná tó wọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ lè má tó o, ìjọ yóò sì ní láti tọrọ àfikún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò náà.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé

Àwọn àgbà ìjọ lè béèrè pé kí ló dé tí owó ìdámẹ́wàá yóò fi ra iná sínú ọkọ̀ ẹnìkan. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ìjọ yan ẹ̀rọ tó lè ka iye iná tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò, kí olúkúlùkù sì san tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé àwọn ìdílé tó ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọn kò ní iwájú ilé tí wọn lè fa wáyà sí. Ìjọba ilẹ̀ náà tún sọ ní ọdún 2025 pé títa ọkọ̀ tuntun tó ń lo epo bẹntiróò tàbí dísẹ̀lì nìkan yóò dópin ní ọdún 2030. Ọmọ ìjọ tó ń gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i ni.

Ìmọ̀ràn wa

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán ilé iye àyè ọkọ̀ tí yóò wà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán. Èkejì, kí wọ́n kàn sí kánsù àti òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò ní kùtùkùtù. Ẹ̀kẹta, kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí wọn agbára iná ilé náà. Ẹ̀kẹrin, kí akápò kọ owó rẹ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìjọ má baà tún gbé igbá ìdáwó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń parí lọ.

Olúwa wa ti kọ́ wa nínú Lúùkù 14:28 pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run kí ó fi ọgbọ́n fún àwọn tó ń kọ́lé fún orúkọ Rẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yọrí sí rere. Àmín.