Bí A Ti Í Fi Bánjò Gbè Orin Arò

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó lè ta okùn bánjò, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ bí a ti í fi í gbè orin kí orin náà má bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ fi orin kan ṣoṣo kọ́ àwọn ònkàwé wa ní ọgbọ́n náà.

Pretty Polly ni orúkọ orin náà, orin àwọn ará òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn rẹ̀ ti wá, níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí a sì pè é ní The Gosport Tragedy. Ọkùnrin kan tan wúńdíá tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jẹ, ó mú un lọ sínú igbó, ó pa á, ó sì sin ín. Ní ọdún 1927, Dock Boggs, awakùsà èédú láti Norton ní Virginia, àti B. F. Shelton, ará Kentucky, kọ orin yìí sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, olúkúlùkù pẹ̀lú bánjò tirẹ̀.

Okùn márùn-ún ni bánjò yìí ní. Okùn kìn-ín-ní ni ó súnmọ́ ilẹ̀ jù nígbà tí a bá gbé e lé itan. Ìkarùn-ún kúrú, èèkàn rẹ̀ sì wà ní agbede-méjì ọrùn dùrù. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tò ó, okùn kẹrin ni soh, ìkẹta ni doh, ìkejì ni me, ìkìn-ín-ní ni soh, okùn kúkúrú sì ni doh òkè. Ìtò yìí dára fún orin ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé kò sí me nínú orin Polly. Ohùn márùn-ún ni ó ń rìn lórí wọn: doh, ma, fah, soh àti ta. Bí okùn bá ń ké me nígbà tí ẹnu ń kọ ma, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń jó nínú ilé ọ̀fọ̀.

Àwa Yorùbá mọ irú ọgbẹ́ yìí. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin Òyìnbó nínú ìjọ, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rere ni ó yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu akọrin.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí a rọra yí èèkàn okùn kejì, kí ó gòkè ní ìdajì ohùn, kí me di fah. Kò tún sí ohun mìíràn láti yí. Láti mọ̀ bóyá ó tọ́, kí a ka àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn dùrù. Okùn kẹrin ní irin karùn-ún gbọ́dọ̀ bá ìkẹta dọ́gba. Ìkẹta ní irin karùn-ún, pẹ̀lú ìkejì. Ìkejì ní irin kejì, pẹ̀lú ìkìn-ín-ní. Ìkìn-ín-ní ní irin karùn-ún, pẹ̀lú okùn kúkúrú.

Wàyí o, ẹ wo bí orin náà ti rọrùn tó. Okùn kẹta láìtẹ̀ ẹ́ ni doh. Ní irin kẹta rẹ̀ ni ma. Okùn kejì láìtẹ̀ ẹ́ ni fah. Okùn kìn-ín-ní ni soh; ní irin kẹta rẹ̀ ni ta, ní ìkarùn-ún sì ni doh òkè. Kí bánjò máa bá ẹnu rìn ní ohùn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Boggs ti í ṣe. Níbi tí orin bá dúró lórí ta, kí a tẹ okùn kẹrin àti ìkìn-ín-ní ní irin kẹta, àti ìkẹta ní irin kejì, kí a fi ìkejì sílẹ̀.

Ní ti ọwọ́ ọ̀tún, kí èékánná ìka tí ó tẹ̀lé àtàńpàkò lu okùn orin sísàlẹ̀, kí ó sì gbá àwọn okùn kọjá. Lẹ́yìn náà kí àtàńpàkò fa okùn kúkúrú. Ọgbọ́n àtàńpàkò yìí kì í ṣe ti Òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Jola ti Senegal àti Gambia ń ta akonting wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni ó sì mú irú dùrù bẹ́ẹ̀ dé òdì kejì òkun.

Bí ohùn olórin bá ga, kí a má ṣe fi ipá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí a há ìdè mọ́ ọrùn bánjò ní irin kejì, kí a sì gbé okùn kúkúrú sókè ní odindi ohùn kan, nítorí ìdè náà kò kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó fọwọ́ kan èèkàn, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu lásán kọ orin náà títí ẹ ó fi mọ àwọn ohùn tí ó ní àti èyí tí kò ní. Àwọn àgbà ní, bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni a ń bá a pè é. Orin ni onígbá. Bánjò ni kí ó bá a pè é.