Ta Ni À Ń Pè Ní Ọ̀dọ́ Mọ́?

Bí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin bá dé Orè, yóò dúró kí èrò lè jẹun. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ níbẹ̀. Orin Asake ni yóò máa dún nínú fóònù ọmọ tó ń ta omi, awakọ̀ tó ti ní ọmọ-ọmọ yóò sì máa gbe orin náà, nítorí ohùn fújì tó ti mọ̀ láti kékeré ló bá nínú rẹ̀. Ṣé orin ọ̀dọ́ nìyẹn?

Nígbà kan, aṣọ nìkan tó láti fi dá ọ̀dọ́ mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọmọge ló ń ró ìró kúkurú tí a mọ̀ sí óleku. (Ní Orè, ogun 1967 ni gbólóhùn náà kọ́kọ́ ń mú wá sọ́kàn: “Ó le kú, ìjà Orè.”) Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ó Le Kú*, di fíìmù ní 1997, aṣọ náà tún gbòde, ṣùgbọ́n tìyá-tọmọ ló ń rán an lọ́tẹ̀ yìí.

Ìjẹ̀bú-Òde, tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà, fi èyí tó jọni lójú jù hàn wá. Níbi Ojúde Ọba, regbéregbé ló ń jáde, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Síbẹ̀, ní 2024, Farooq Oreagba tó ti kọjá àádọ́ta ọdún ni àwọn ọmọ ogún ọdún ń fara wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìjọba pàápàá kò dúró sójú kan. Ìlànà ọ̀dọ́ ti 2009 ní ẹni ọdún 18 sí 35 ni ọ̀dọ́. Ti 2019 ní 15 sí 29 ni.

Lójú tèmi, gbogbo ayé ti bá ọ̀dọ́ pín fáàrí wọn. Ìdúró nìkan ló kù tó jẹ́ tiwọn. Ẹni ọdún 34 tó gboyè, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Orè sí Odígbó, tó ṣì ń sùn nílé bàbá rẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pè é ní ìpàdé ẹbí. Àga ni wọ́n ń ní kó gbé. Wọn kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ mọ orin Asake bí òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá náà wà ní ẹni ọdún 34, ó ti ní oko kòkó, ó ti ní aya àti ọmọ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀dọ́ mọ́.