Ọkọ Ti Ìrìn-Àjò Dé: Ẹ Má Ì Tíì Kánjú Oyún

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí ìwé kan gbà láti ọwọ́ ìyá ilé kan ní ìlú Èkó. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Bràsíl fún oṣù 6, kò sì tíì ju ọjọ́ 10 lọ tí ó dé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ìyá náà ti di ẹni ọdún 36, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ó ní kí n sọ oògùn tí òun yóò lò kí oyún lè dúró lóṣù yìí gan-an.

Èsì mi ni pé kí wọ́n dúró ná.

Àrùn kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Zika. Igbó Zika ní ilẹ̀ Ùgáńdà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára ọ̀bọ ní 1947. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri, kì í ṣe ẹ̀fọn òru tí ń fún wa ní ibà, bí kò ṣe irú èyí tí ń jẹni lọ́sàn-án. Nígbà tí ó jà ní Bràsíl ní 2015 àti 2016, ọ̀pọ̀ ìyá bí ọmọ tí orí wọn kéré, tí ọpọlọ wọn kò sì dàgbà bí ó ti yẹ. Ìjà náà ti rọlẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àrùn náà kò tíì tán nílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: ọkùnrin lè kó o ran aya rẹ̀ lórí ibùsùn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú kì í mọ̀ rárá, nítorí ara wọn kì í gbóná. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nínú àtọ̀ ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí ọkùnrin tí ó ti irú ibẹ̀ dé dúró fún oṣù 3 kí aya rẹ̀ tó lóyún. Bí ó bá jẹ́ obìnrin nìkan ni ó lọ, oṣù 2 tó. Láàárín àkókò yìí, kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀mù láìyẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti sùn pọ̀ láìlo ó, tí nǹkan oṣù sì yẹ̀, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà, kí wọ́n sì sọ ibi tí ọkọ ti dé fún un.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ fún ìyá ọkọ. Kí ọkọ fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni ó rìnrìn-àjò, kì í ṣe aya.

Oṣù 3 yìí kì í ṣe oṣù òfo. Ó ń tó oṣù 2 àbọ̀ kí àtọ̀ tuntun tó gbó lára ọkùnrin. Bí ọkọ bá jáwọ́ nínú sìgá lónìí, tí ó sì dín ọtí kù, yóò rí èrè rẹ̀ nígbà tí ìdúró bá parí. Kí ìyá náà máa lo oògùn folic acid, máíkírógírámù 400 lójoojúmọ́, nítorí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà dára, ṣùgbọ́n wọn kò rọ́pò oògùn náà. Ní ti àgbo tí ó ní wọ́n ń sè fún òun, kí ó gbé e jù sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ó máa sàmì sí ọjọ́ nǹkan oṣù lórí kàlẹ́ńdà. Ẹyin a máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tí ń bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tí ó kọjá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5. Nígbà tí àkókò bá tó, bí wọ́n bá ń sùn pọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, wọn kò ní pàdánù rẹ̀.

Bí oṣù 6 bá sì kọjá lẹ́yìn èyí tí oyún kò dé, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀ ọkọ wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà.