Eco, Normal tàbí Sport: Èwo Ló Yẹ Ojú Pópó Alímọ̀ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ló ní bọ́tìnnì tí a kọ Eco, Normal tàbí Sport sí. Bọ́tìnnì wọ̀nyí kì í sábà fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ ṣe ń dáhùn nígbà tí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ tẹ epo ni wọ́n ń yí padà.

Bí ẹ bá yan Sport, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ á mú ọkọ̀ fò síwájú, epo á sì yára jó. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á tún le, ara èrò á sì mọ gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀. Bí ó bá jẹ́ Eco, ọkọ̀ á rọra gbéra, ẹ̀rọ amúlétutù sì lè má tutù tó ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún sí Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gba iwájú ọkọ̀ kọjá, Eco ló tọ́. Yóò dín ìnáwó kù lórí epo tó ti wọ́n gógó láti ọdún 2023, kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ ṣàdédé ta sí ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ já sí òpópónà LASU sí Ìṣẹ́rí ní Ìgándò, tí àwọn ọkọ̀ ń sáré bọ̀, ẹ padà sí Normal kí ọkọ̀ yín lè tètè gbéra.

Ẹ rántí o: kò sí bọ́tìnnì tó lè rọ́pò ìfarabalẹ̀ awakọ̀.