Gotami, Ìyá Tó Hun Aṣọ fún Búdà

Mùsùlùmí ni mí, aṣọ òfì ni mo sì ń hun jẹun ní Ìsẹ́yìn. Síbẹ̀, obìnrin kan wà nínú ẹ̀sìn Búdà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: Gotami.

Ọjọ́ keje tí wọ́n bí Búdà ni ìyá rẹ̀ kú. Gotami, àbúrò ìyá náà, ló fún un lọ́mú, tó sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ọmọ di olùkọ́ ńlá ní Íńdíà, Gotami fọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú, ó hun ún, ó gbé aṣọ náà lọ fún un. Búdà ní kó fi ta gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́rẹ, àwọn tó fi ilé àti ọrọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Òwú tó ran yìí rán mi létí ìyá ìyá mi, tó máa ń jókòó ti ìrànwú láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà nídìí òfì ni wọ́n máa ń kí kú iṣẹ́.

Gotami fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Búdà kọ̀. Ló bá fá orí, òun àti àwọn obìnrin mìíràn fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Vesali, níbi tí Búdà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, eruku bò ó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Ananda, ọmọ ẹ̀yìn Búdà, bá a bi Búdà bóyá obìnrin lè dé òpin ẹ̀kọ́ náà. Búdà ní ó lè dé e. Ó gbà wọ́n, àmọ́ pẹ̀lú òfin mẹ́jọ. Èkíní ni pé obìnrin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ẹ̀jẹ́ yóò máa tẹrí ba fún ọkùnrin tó wọlé lónìí.

Kí àgbà máa kúnlẹ̀ kí ọmọ àná! Gotami tún ránṣẹ́ pé kí ẹni tó ṣáájú jẹ́ àgbà. Búdà kò gbà. Àwọn onímọ̀ kan ní ẹ̀yìn ikú Búdà ni wọ́n ṣe àwọn òfin yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán títí di òde òní. Ní Thailand, àṣẹ tí olórí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ pa ní 1928 ka fífi obìnrin jẹ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ léèwọ̀. Chatsumarn Kabilsingh, olùkọ́ yunifásítì àti abiyamọ, lọ gba ẹ̀jẹ́ ní Sri Lanka ní 2003. Dhammananda ni wọ́n ń pè é báyìí, òun ló sì ń darí tẹ́ḿpìlì tí ìyá rẹ̀ kọ́.

Búdà ti dáhùn ìbéèrè Ananda: obìnrin tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí àwọn tó wà nípò gba ìdáhùn náà, kí wọ́n sì fi iye ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lò nínú ẹ̀jẹ́ mọ àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin.