Ọkọ̀ Òfurufú Zambia ní Libreville

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1993, ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun Zambia gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà kúrò ní Lusaka. Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, ni wọ́n ń lọ, láti wá àyè nínú ìdíje ife àgbáyé. Ọkọ̀ náà kò lè fò débẹ̀ láìdúró. Ó ní láti bu epo ní Brazzaville, Libreville àti Abidjan. Ní Brazzaville ni a ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń yọnu, síbẹ̀ ìrìnàjò náà tẹ̀ síwájú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kété tí ó gbéra ní Libreville, ó já sínú òkun. Gbogbo ọgbọ̀n ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Báwo ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ méjì lè fi ọ̀kan fò. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba Gabon gbé jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé, nígbà tí ẹ̀rọ ọwọ́ òsì gbiná, ẹ̀rọ ọwọ́ ọ̀tún tí ó dára ni awakọ̀ pa. Àbùkù wà lára iná tí í kìlọ̀ fún un. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́, nítorí láti Mauritius ni ó ti wa ọkọ̀ bọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ní ọdún 2012, ní Libreville kan náà, Zambia gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ife kò jí òkú. Ó yẹ kí awakọ̀ sinmi kí ó tó gbéra. Bí ẹ̀rọ bá sì ń yọnu ní ibùdó àkọ́kọ́, níbẹ̀ ni kí èrò ti sọ̀ kalẹ̀. A lè sún eré bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀mí ni kò ní ààrọ̀.